Mo ti rí másìkì tó bá ojú mi mu o

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ rántí másìkì CPAP, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn síni lóru kí èémí má baà máa dúró lójú oorun, èyí tó ń bo imú àti ẹnu tí mo bèèrè nípa ẹ̀, tó ń jò lóru tó sì dá egbò sí mi lórí igi imú? Ó ti yanjú. Sáìsì ẹ̀ ló tóbi jù, èmi wá ń fún okùn ẹ̀ mọ́ra ṣáá, bẹ́ẹ̀ fífún un pa gan-an ló ń jẹ́ kó máa jò sí i. Nọ́ọ̀sì ní kí n dùbúlẹ̀, ó tan ẹ̀rọ, atẹ́gùn ń fẹ́, ìgbà yẹn ló tó wọn ojú mi, torí ojú èèyàn máa ń yàtọ̀ téèyàn bá fẹ̀yìn lélẹ̀. Mo wá gba sáìsì kékeré, irú èyí tó jókòó sábẹ́ imú, kò kan igi imú rárá. Òmíì tún ni òrí tí mo máa ń fi pa ojú kí n tó sùn, epo yẹn ń jẹ́ kí rọ́bà ẹ̀ máa yọ̀, torí náà ọwọ́ àti ẹsẹ̀ nìkan ni mò ń fi pa lálẹ́ báyìí, mo sì ń fọ rọ́bà náà láràárọ̀. Lánàá, AHI mi, ìyẹn iye ìgbà tí èémí ń dúró tàbí tó ń dínkù ní wákàtí kan lójú oorun, jẹ́ 3 péré! Ìyàwó mi náà ti ń sùn dáadáa. Ẹ ṣé gan-an, mo ti pa ọ̀rọ̀ yìí dé.