Títún ojú ògiri bíríkì àtijọ́ ṣe fún ilé oúnjẹ: ẹ gbé símẹ́ǹtì sílẹ̀ ná

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ sọ ilé bíríkì àtijọ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó di ilé oúnjẹ, ẹ kọ́kọ́ fi ìṣó họ àárín bíríkì sí bíríkì. Bó bá ń rún wẹ́wẹ́, láìmù (ẹfun tí wọ́n sun láti ara òkúta) ni wọ́n fi mọ ọ́n. Bíríkì ìgbà náà rọ̀, ó sì ń fa omi. Tí ẹ bá fi símẹ́ǹtì dí àárín rẹ̀, omi tó ti wọlé kò ní ríbi gbà jáde mọ́ àfi ojú bíríkì. Bó ṣe ń gbẹ ni iyọ̀ inú rẹ̀ ń dì sábẹ́ ojú náà, tí yóò sì máa tì í títí yóò fi ṣí bí èèpo. Símẹ́ǹtì á wà digbí, bíríkì á ti jẹ lọ.

Hámà àti ṣísẹ́ẹ̀lì ni kí ẹ fi yọ láìmù àtijọ́ tó wà láàárín bíríkì, kó jìn tó 20 sí 25 mílímítà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé táìlì yóò ba etí bíríkì jẹ́. Ẹ gbọn eruku kúrò, ẹ fi omi rin ín. Ẹ po láìmù NHL 3.5 (irú láìmù tí omi ń mú le) òṣùwọ̀n kan mọ́ yanrìn ṣáápù mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kí ẹ fi kún àárín bíríkì, kí ti àkọ́kọ́ le díẹ̀ kí èkejì tó gorí rẹ̀. Oòrùn ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù: bó bá tètè gbẹ, ẹ̀tù lásán ni. Ẹ fi àpò kòkó tútù bò ó, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ sì máa wọ́n omi sí i.

Ẹ má fi ẹ̀rọ tó ń fẹ́ yanrìn fọ ògiri o! Awọ líle tí iná sun sí bíríkì lára ni yóò bó. Omi àti buràsì onírun tó. Ẹ má kun ọ̀dà olóròóró.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ilé ìdáná kún un. Páìpù èéfín gbọ́dọ̀ ga kọjá òrùlé. Bó bá ń fẹ́ sára ògiri, ọ̀rá á wọ inú bíríkì, kò sì ní ṣeé fọ̀ tán. Bí ilé bá jẹ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, ẹ gba ìyọ̀ǹda àjọ tó ń rí sí i kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ilojo Bar, ilé àtijọ́ kan ní Tinubu, wà lórí àkọsílẹ̀ ohun ìrántí náà láti 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o ní 2016. Ó dùn wá gan-an. Ní ti pátákó orúkọ, àárín bíríkì sí bíríkì ni kí ẹ lu ihò sí, kì í ṣe ojú bíríkì, kí bóòtù sì jẹ́ irin tí kì í dípàtà, torí pé irin tó dípàtà máa ń wú, á sì la bíríkì.