"Kògbóògùn" Kò Bá Àkóràn Ọ̀nà Ìtọ̀ Mu

Ẹ̀yin àgbà èdè, mo kí yín. Ẹnìkan nínú wa dábàá pé kí ìwé ìtọ́ni fún àwọn aláìsàn àtiléwá máa pe àkóràn ọ̀nà ìtọ̀ tí apá oògùn apakòkòrò kan kò ká mọ́ ní "àtọ̀sí kògbóògùn". Èmi kò fara mọ́ ọn, nítorí pé ọ̀rọ̀ méjèèjì ti ní onílé tẹ́lẹ̀.

Ti àtọ̀sí kò gba àríyànjiyàn. Àrùn ìbálòpọ̀ ni, nígbà tí ó jẹ́ pé kòkòrò Escherichia coli tí ó ń ti inú ìfun wá ni ó ń fa èyí tí ó pọ̀ jù nínú àkóràn ọ̀nà ìtọ̀. Bí a bá wí fún abilékọ pé àtọ̀sí ló ń ṣe é, ẹjọ́ la dì fún un gbé lọ sílé, kì í ṣe oògùn.

Kògbóògùn gan-an ni ó le. Ó ti pẹ́ tí àwọn oníròyìn ti ń pe HIV ní "àrùn kògbóògùn", etí ará ìlú sì ti gbà pé ohun tí kò ní ìwòsàn ni. Kòkòrò tí à ń sọ yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Irú rẹ̀ kan wà tí ó ń pèsè èròjà tí ó ń ba àwọn oògùn apakòkòrò pẹnisílìnì àti ọ̀pọ̀ nínú ẹbí cephalosporin jẹ́, síbẹ̀ oògùn apakòkòrò mìíràn, nitrofurantoin tàbí fosfomycin, sábà máa ń pa á. Gíráàmù 3 fosfomycin tí a pò mọ́ omi, tí a mu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lè tó fún èyí tí kò kọjá àpò ìtọ̀. (Bí ó bá ti dé kíndìnrín, agbára àwọn méjèèjì kì í tó o níbẹ̀, oògùn mìíràn ni dókítà yóò wá.)

Àléébù kejì tí kògbóògùn ní ni pé kò sọ ẹni tí kò gbóògùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wí pé "oògùn yìí ti mọ́ mi lára", bí ẹni pé ara ni ó yí padà, bẹ́ẹ̀ kòkòrò ni. Ìdí nìyí tí mo fi dábàá "kòkòrò ayẹ-oògùn", tí a fi ayẹta ṣe àwòkọ́ rẹ̀. Ẹnìkan lè sọ pé kòkòrò tí ó ń ba oògùn jẹ́ kò "yẹ" ohunkóhun, pé kò sá fún oògùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ayẹta náà kì í sá, ọta ni kì í mú un. Ohun tí ó wù mí jù níbẹ̀ ni pé a lè fi orúkọ oògùn gan-an sí i, kí a wí pé ayẹ-ciprofloxacin tàbí ayẹ-amoxicillin, èyí tí kògbóògùn kò gbà. Ẹ gbọ́ bí yóò ti rí lẹ́nu dókítà tí èsì àyẹ̀wò ìtọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀: "Mà, kòkòrò inú ìtọ̀ yín yẹ ciprofloxacin, ṣùgbọ́n nitrofurantoin ń pa á, ọjọ́ 5 ni ẹ ó fi lò ó."