Ẹ sọ ti yín: ọjọ́ tí ìmúra dójú tì yín níbi iṣẹ́

Ọmọ Ìkòròdú:
Ẹ káàárọ̀ o. Nǹkan tí mo fẹ́ sọ yìí, ìyàwó mi gan-an ò tíì gbọ́ ọ rí. 2016 ni, mò ń sìnrú ìlú, ọ́fíìsì kan ní Marina ni wọ́n pín mi sí, ilé wa sì wà ní Ìkòròdú. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn á ti máa rẹ́rìn-ín. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo ń jáde, dánfó tí wọ́n to èèyàn mẹ́rin mẹ́rin sórí bẹ́ǹṣì kan, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 12, kí n tó dé CMS ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì mi á ti lẹ̀ mọ́ mi lára bí ẹ̀kọ ṣe ń lẹ̀ mọ́ ewé.

Ṣẹ́ẹ̀tì ọ̀hún, mẹ́ta péré ni. Mo ra méjì nínú ẹ̀ ní Yaba, òkìríkà tó ń dán, tí kì í rún, inú mi dùn pé mi ò ní máa lọ̀ ọ́ torí iná tí kò sí. Aláwìí ìjọba nígbà yẹn 19,800 náírà ni lóṣù, owó ọkọ̀ ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Mi ò mọ̀ pé polyester ni aṣọ yẹn, òun ló sì máa ń di òórùn mú, ẹ fọ̀ ọ́ títí ẹ sá a sóòrùn, tí ooru ara bá ti kàn án báyìí, òórùn àná á tún jí dìde.

Àmì wà o, èmi ni mi ò rí i. Ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tó ń jókòó lápá ọ̀tún mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fáànù kékeré kan wá láti ilé. Nínú AC o! Mo tiẹ̀ kí i kú ooru. Tí mo bá wọ líìfìtì, ẹni tó ti wà níbẹ̀ á ní òun gbàgbé nǹkan nílẹ̀. Ìgbà tó wá ń ṣe mí bíi pé nǹkan ń rùn, mo lọ ra lọ́fíńdà, mo ń dà á lé òógùn lórí. Ó wá dà bíi yàrá tí eku kú sí tí wọ́n fín nǹkan olóòórùn dídùn sí.

Màmá tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì ló gbà mí. Wọ́n ní kí n wá bá àwọn gbé korobá lẹ́yìn àtẹ̀gùn, mo débẹ̀, korobá òfìfo ni. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, má bínú sí mi o. Ọkùnrin mẹ́ta ni mo bí. Abíyá ẹ ń rùn. Mo mọ̀ pé ò ń wẹ̀, ojú ẹ jọ ti ẹni tó ń wẹ̀. Aṣọ yẹn ni, àti irun tó o dá sí abíyá." Ni wọ́n bá tú etí ìró wọn, wọ́n yọ álọ́ọ̀mù kan tí wọ́n wé sínú nylon, ó mọ́ gaara bíi yìnyín. Wọ́n ní kí n fá irun yẹn, kí n fi ọsàn wẹ́wẹ́ ra á, kí n máa fi álọ́ọ̀mù pa á tí mo bá wẹ̀ tán. Wọn ò sọ fún mi pé kì í ṣe ọjọ́ kan náà ni wọ́n ń fá a tí wọ́n ń fi ọsàn ra á. Mo ké débi pé onílé wa wá kan ilẹ̀kùn bálùwẹ̀.

Látìgbà yẹn, T-shirt ni mo ń wọ̀ wọ bọ́ọ̀sì, ṣẹ́ẹ̀tì á wà nínú nylon, tí mo bá dé ọ́fíìsì máa fi tówẹ́ẹ̀lì tútù nu abíyá àti ọrùn kí n tó wọ̀ ọ́. Mo wá ra ṣẹ́ẹ̀tì òwú méjì, èyí tó ń rún bí ojú arúgbó, mi ò bìkítà. Nígbà tó máa fi di oṣù kejì, ẹ̀gbọ́n yẹn ò gbé fáànù wá mọ́.

Ẹ sọ ti yín, kó má lọ jẹ́ èmi nìkan ló tú àṣírí ara ẹ̀.

Tísà Èérún:
Hahaha, mo kí i kú ooru! Ọ̀gá, tèmi bàtà ni. Ìbàdàn níbí. Mo ra bàtà aláwọ dúdú kan lọ́wọ́ olókìríkà ní Dùgbẹ̀, ó wù mí débi pé mi ò wọ̀ ọ́, mo gbé e sínú páálí pé ó di ọjọ́ ńlá. Ó lé lọ́dún kan. Ọjọ́ ńlá wá dé, ilé ìwé kan pè mí fún ìntáfíù, mo fi Kiwi pa á títí mo fi ń rí eyín mi nínú ẹ̀.

Ilẹ̀ ibẹ̀, táìsì funfun ni gbogbo ẹ̀. Mo ń rìn lọ bọ̀ níbi tí wọ́n ní ká dúró sí, mo wá wẹ̀yìn, mo rí nǹkan dúdú wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ nílẹ̀, mo ní àwọn èèyàn yìí ò gbálẹ̀ dáadáa. Àṣé èmi ni! Ìsàlẹ̀ bàtà ló ń já bí èérún búrẹ́dì. Nígbà tí wọ́n máa fi ní kí n wá kọ nǹkan sójú bọ́ọ̀dù, gìgísẹ̀ ọ̀tún ti kúrò pátápátá, mo ń tiro lọ síwájú bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, ìyá kan nínú àwọn tó ń bi wá ní ìbéèrè wá ní ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹsẹ̀ ọ̀hún ti pẹ́? Mo ní ó ti pẹ́ mà.

Ṣúméká kan ní Mọ́kọ́lá ló là mí lọ́yẹ̀. Ó ní ìsàlẹ̀ irú bàtà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe rọ́bà gidi, bíi fóòmù líle ló rí, tó bá ti pẹ́ nílẹ̀ láìwọ̀, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á ti jẹ ẹ́ láti inú wá, ìta á ṣì máa dán. Ó ní tí mo bá fẹ́ ra òkìríkà kí n fi èékánná tẹ ìsàlẹ̀ ẹ̀, kí n ká a wò, tó bá ti là, kí n gbé e sílẹ̀. Wọ́n gbà mí síṣẹ́ ṣá. Orúkọ mi lókè yìí, stáfùrúùmù ni wọ́n ti fún mi.

Ìyá Ìbejì UK:
Ẹ kúuṣẹ́ o, Manchester ni mo wà. Ọ̀sẹ̀ tí àbúrò mi ṣègbéyàwó ní London, mo ṣe èékánná gígùn olókùúta, mo di irun dé ìdí, mo rẹwà, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́. Ọjọ́ Mọ́ńdè aago méje ààbọ̀ mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọsibítù, hẹ́lípà ni mí fún àwọn nọ́ọ̀sì. Sister, ìyẹn ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, rí ọwọ́ mi báyìí, kò pariwo, ó kàn ní má fọwọ́ kan aláìsàn kankan.

Òfin ibí ni, láti 2008 ló ti wà káàkiri ọsibítù wọn: láti ìgúnpá dé ọmọ ìka gbọ́dọ̀ wà lófo. Kò sí aago ọwọ́, kò sí èékánná àtọwọ́dá, kò sí kùtẹ́ẹ̀sì, òrùka ìgbéyàwó tí kò lókùúta nìkan ni wọ́n gbà. Irun ò sì gbọdọ̀ kan kọ́là. Ti irun rọrùn, mo wé e mọ́rí bí ẹni tó ru òṣùká. Èékánná ló kù. Mo wọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì lọ, kò sí acetone tí wọ́n fi ń yọ ọ́, mo rì í sómi gbígbóná, kò gbọ́, ni mo bá fi agídí fà á. Ti àtàǹpàkò fa èékánná tèmi gan-an dání, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Mo padà dé ọ̀dọ̀ sister pé mo ti yọ ọ́ tán. Ó wo ẹ̀jẹ̀, ó wo èmi, ó ní ọwọ́ tó légbò báyìí náà ò ṣeé fi tọ́jú aláìsàn. Ó dá mi padà sílé, mi ò gba owó ọjọ́ yẹn.

Àwọn kan nínú wa máa ń sọ pé òyìnbó ń wá ẹ̀sùn sí wa lẹ́sẹ̀ ni. Lórí eléyìí, rárá o. Mo ti rí arúgbó tí kòkòrò C. diff mú, ìgbẹ́ gbuuru tó ń yàgbẹ́ ò dáwọ́ dúró lọ́sàn-án lóru, ẹ ò ní fẹ́ kó jẹ́ abẹ́ èékánná yín ló ti wá.

Onísùúkú:
Ọ̀gá mi obìnrin ní ṣùkú tí mo dì kò jọ irun ọ́fíìsì. Èmi tí ìyá mi ń di irun fún títí mo fi jáde yunifásítì! Mo ra wíìgì. Lásítíìkì ẹ̀ há débi pé iwájú orí mi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, orí ń fọ́ mi ní gbogbo ọ̀sán. Lọ́jọ́ kan mo sáré wọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì láti bọ́ ọ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ta ni mo bá níwájú dígí? Ọ̀gá mi. Tiẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ síǹkì, iwájú orí ẹ̀ ti pá títí dé àtàrí, ó ń fi omi tútù pa á. A wo ara wa nínú dígí, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Mo bọ́ tèmi, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e mo di ṣùkú wá síṣẹ́, kò sọ nǹkan kan.

Lọ́yà Kékeré:
Ẹ ò mọ̀ wíìgì. Tiwa irun ẹṣin ni, pẹ̀lú gáùn dúdú lórí súùtù dúdú, tí NEPA bá mú iná ní kọ́ọ̀tù lóṣù March. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Tísà Èérún:
Ọmọ Ìkòròdú, ṣé ẹ padà dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá yẹn?

Ọmọ Ìkòròdú:
Mo padà lọ ní 2019, wọ́n ní wọ́n ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ilé wọn. Kí n sọ òótọ́, ìdí tí mo fi dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ni pé wọ́n gbé kọ́pà tuntun kan wá sọ́dọ̀ wa lóṣù tó kọjá, ọmọ dáadáa, Ìjokò ló ti ń wá lójoojúmọ́. Mo ti ra álọ́ọ̀mù. Ó ti wà nínú dúrọ́ọ̀ mi láti ọjọ́ Mọ́ńdè, mo máa dìde, máa tún jókòó. Mi ò mọ bí Màmá ṣe rí ẹnu sọ ọ́.

Onísùúkú:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà má gbé fáànù wá láti ilé o.