Ẹ̀gbọ́n mi tí ojú wọn kò ríran mọ́ fẹ́ padà sí ẹ̀kọ́ àgbà: kí ni kí a ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ojú ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fọ́, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àgbà kí wọ́n lè parí ẹ̀kọ́ girama. Olùkọ́ kò lé wọn, ṣùgbọ́n ojú pátákó ni ó ń kọ ohun gbogbo sí, tí ó bá sì di alẹ́, yóò ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Ní àná, mo rí wọn tí wọ́n gbé fóònù sétí, tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ léraléra, tí ohùn inú rẹ̀ kò sì sọ ju “àwòrán” lọ. Ṣé kí wọ́n kọ́kọ́ lọ kọ́ Braille, ìwé tí afọ́jú ń fi ìka kà, ni?

Ìdáhùn: Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kúrò níbẹ̀. Fọ́tò yẹn gan-an ni ìṣòro, nítorí ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ ni ẹ̀rọ tí ń ka ojú fóònù lè kà dáadáa. Ètò tí ń yọ ọ̀rọ̀ jáde láti inú àwòrán wà, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń ṣi ìwé àfọwọ́kọ kà. Kí olùkọ́ tẹ ẹ̀kọ́ náà ránṣẹ́ kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀, kí ó sì máa ka ohun tí ó ń kọ sókè bí ó ti ń kọ ọ́. Bí kọ̀ǹpútà bá wà, ọ̀fẹ́ ni NVDA, ètò tí ń ka ojú kọ̀ǹpútà sókè.

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́ Braille pẹ̀lú. Àgbà ni èmi náà nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ó sì pẹ́ kí ìka mi tó mọ àmì kéékèèké mẹ́fà tí a fi ń to lẹ́tà rẹ̀ yàtọ̀ síra. Mo lè fi etí gbọ́ ìtàn, ṣùgbọ́n ìgbà tí mo fọwọ́ kan ìṣirò ni ó tó yé mi. Kí wọ́n má ṣáà torí rẹ̀ dá kíláàsì dúró.

Ìdáhùn: Ẹ kọ lẹ́tà sí ilé ẹ̀kọ́ náà. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ọdún 2006 lórí ẹ̀tọ́ àwọn akanda ẹ̀dá dárúkọ ẹ̀kọ́ àgbà ní tààrà ní abala 24, ó sì ní kí àwọn orílẹ̀-èdè tí ó fọwọ́ sí i rí i pé a ṣe àtúnṣe tí ó yẹ fún akẹ́kọ̀ọ́. “Ẹ ràn wá lọ́wọ́” nìkan kò tó. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ní pàtó, títí kan àfikún àkókò nínú ìdánwò, kí ó sì ti ẹnu ẹ̀gbọ́n yín fúnra wọn wá.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ka ìdáhùn yín fún wọn. Wọ́n ní kí n mú bíírò wá, àwọn yóò máa sọ ọ́, kí n máa kọ ọ́. Kí olùkọ́ máa ka ojú pátákó sókè ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.