Káàdì gíráfíìkì ńláńlá àti overclock: kí lojú yín ti rí?

Láti Ìbàdàn

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin tèmi. Ọ̀pọ̀ ló ń bi mí pé nínú àwọn káàdì gíráfíìkì ńláńlá tó ti gba ọwọ́ mi kọjá, èwo ló dùn ún overclock jù, ìyẹn kí a tì í kọjá iyára tí ilé iṣẹ́ dá fún un. N ó sọ ohun tójú mi rí, kí ẹ̀yin náà sọ tiyín. Iṣẹ́ fídíò ni mo fi ń jẹun, géèmù ni mo fi ń najú, nítorí náà káàdì mi kì í sinmi.

GTX 1080 Ti ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Oṣù kẹta ọdún 2017 ni Nvidia gbé e jáde ní 699 dọ́là. Tòkunbọ̀ lèmi ra tèmi, nígbà tí àwọn ará òkè òkun ti ń pààrọ̀ tiwọn. Mẹ́mọ́rì rẹ̀ jẹ́ 11 GB, iná tó ń jẹ jẹ́ 250 watt. Wọ́n ní clock rẹ̀, ìyẹn iyára tí ọpọlọ rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́, yóò dé 1582 MHz, ṣùgbọ́n kò dúró síbẹ̀ rí: bí ara rẹ̀ bá tutù, fúnra rẹ̀ ló ń gun òkè kọjá 1800. Mo fi MSI Afterburner, ètò tí a fi ń yí iyára káàdì padà, tì í dé 2025 MHz.

Ibẹ̀ ni mo ti wá rí ohun tí ooru ń ṣe. Bí mo bá tan Superposition, ètò tó ń dán agbára káàdì wò, 2025 á hàn ní igun ojú kọ̀ǹpútà. Kò ní pẹ́, á di 2012, á di 2000, á di 1987, bẹ́ẹ̀ n kò fọwọ́ kan nǹkan kan. GPU Boost, ètò inú káàdì Nvidia tó ń darí clock fúnra rẹ̀, ló ń ṣe é: bí ooru káàdì bá ti ń gorí àtẹ̀gùn kan, MHz bíi mẹ́tàlá ń já bọ́. Mo jókòó wò ó lásìkò ọyẹ́, ní ìdájí, fèrèsé wà ní ṣíṣí. 2025 ló bẹ̀rẹ̀, 2025 ló parí. Nígbà tó di ọ̀sán gangan nínú oṣù kẹta, káàdì yẹn náà, pẹ̀lú ètò yẹn náà, kò lè di 1974 mú. Láti ìgbà náà, tẹ́nì kan bá gbé nọ́ńbà rẹ̀ wá láti Jámánì tàbí Kánádà, ohun tí mo kọ́kọ́ ń bi í ni bí yàrá rẹ̀ ṣe gbóná tó. Mẹ́mọ́rì rẹ̀ kò yọ mí lẹ́nu ní tiẹ̀. 11 Gbps, ìyẹn iyára tó fi ń gbé dátà, ló ń bá wá. Mo tì í sókè nínú Afterburner, ó di 12, kò sì mì rárá.

Vega 64 ti AMD, tó ń bá Nvidia figagbága, ló tẹ̀ lé e, òun náà jáde lóṣù kẹjọ ọdún 2017. Ó ní 8 GB mẹ́mọ́rì HBM2, ó sì ń jẹ 295 watt. Ìwà káàdì yìí yàtọ̀ pátápátá. Bí mo ṣe ń ti clock rẹ̀ sókè tó ni òun ń sá wálẹ̀ tó, tí fáànù rẹ̀ á sì máa ké bí ẹ̀rọ ata ní ọjà Bódìjà. Mo wá fi clock sílẹ̀, mo dojú kọ fólítéèjì, mo dín in kù láti 1200 mV sí 1050. Clock tó ń sá sẹ́yìn dúró, ó tún gun òkè sí i. Ìdí rẹ̀ ni pé iye iná tí wọ́n gbà á láàyè láti jẹ ní gbèdéke. Bí fólítéèjì bá wálẹ̀, iná tí MHz kọ̀ọ̀kan ń gbà á kéré sí i, àyè á sì ṣẹ́ kù láti sáré. Mo tún gbé HBM2 rẹ̀ láti 945 sí 1050 MHz, nínú géèmù ìyẹn gan-an ni mo ti rí èrè jù.

Tí ẹ bá ní kí n mú ọ̀kan nínú méjèèjì, 1080 Ti ni. Vega yẹ ẹni tó ní àsìkò láti máa tún un ṣe.

Láti Peckham, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ ooru tẹ́ ẹ sọ yẹn, tòótọ́ ni, kódà níbi tí òtútù ti ń pa wá lọ́wọ́ níbí. RTX 3090 ti Nvidia àti RX 6900 XT ti AMD ni mo fi wéra. Ìparí ọdún 2020 làwọn méjèèjì jáde.

3090 ní 24 GB mẹ́mọ́rì GDDR6X, ó sì ń jẹ 350 watt. Wọ́n pín mẹ́mọ́rì yẹn sí ojú pátákó àti ẹ̀yìn rẹ̀, irin pẹlẹbẹ nìkan ló sì ń tu ti ẹ̀yìn lára. Afterburner ń fi ìwọ̀n ooru 68°C hàn mí, mo rò pé àlàáfíà wà. Ìgbà tí mo ṣí HWiNFO, ètò tó ń fi ooru inú kọ̀ǹpútà hàn, tí mo wo ìlà Memory Junction, ìyẹn ooru inú mẹ́mọ́rì, 106 ni mo bá níbẹ̀. Ní 110, káàdì á bẹ̀rẹ̀ sí í fa ara rẹ̀ sẹ́yìn. Mo tú u. Thermal pad, ohun rírọ̀ tó ń gbé ooru mẹ́mọ́rì lọ sí irin, tó wà níbẹ̀ ti gbẹ, ó ń fọ́ wẹ́wẹ́ sí mi lọ́wọ́, òróró rẹ̀ sì ti jò yí etí mẹ́mọ́rì ká. Mo fi tuntun sí i, mo gbé fáànù kékeré lé ẹ̀yìn irin náà, ó sì wálẹ̀ kọjá 90.

Ẹ jọ̀ọ́, ohun kan wà tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ní GDDR6X mọ̀. Tẹ́ ẹ bá ti mẹ́mọ́rì rẹ̀ kọjá agbára, kì í tètè kú, àwòrán kì í sì í bà jẹ́. Ó ń rí àṣìṣe fúnra rẹ̀, ó sì ń fi dátà náà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Àsìkò tó fi ń ṣe ìyẹn ń jẹ iyára yín. Máàkì ìdánwò tí mo gbà nígbà tí mo fi +900 MHz kún mẹ́mọ́rì kéré sí èyí tí mo gbà ní +700, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan tó fi hàn mí lójú pé ìyọnu wà. Máàkì ni kẹ́ ẹ máa wò, ẹ má wo pé kò tíì kú.

6900 XT ní tiẹ̀, 300 watt, clock rẹ̀ lè lọ jìnnà. 2250 MHz ni AMD kọ fún un, tèmi ń sáré ní 2550 nínú géèmù láìsí wàhálà, lẹ́yìn tí mo fi ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún kún iná rẹ̀. Mẹ́mọ́rì rẹ̀ nìkan ni AMD tì mọ́lé: 2150 MHz ni Adrenalin, ètò AMD fún káàdì rẹ̀, dúró sí. Nínú Fire Strike, ètò ìdánwò kan, ó fi 3090 sẹ́yìn. Nínú Port Royal, ìdánwò mìíràn tó jẹ́ ti ray tracing (yíya bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tàn), 3090 gba ipò rẹ̀ padà. Fún overclock, 6900 XT ló mú inú mi dùn jù. Blender, ètò àwòrán 3D tí mo fi ń ṣiṣẹ́, ni kò jẹ́ kí n ta 3090.

Láti Ìkẹjà

Ti iná ni tèmi. RTX 4090 tó wà lọ́wọ́ mi ń jẹ 450 watt bó ṣe ti ilé iṣẹ́ wá, ẹnikẹ́ni tó ń lo ínfátà mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí fún bátìrì. Power limit rẹ̀, ìyẹn gbèdéke iná tó lè jẹ, ni mo fà wálẹ̀ sí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, ó di 315 watt, ohun tó sì lọ nínú iyára rẹ̀ kò tó nǹkan tójú lè rí. N kò rí káàdì mìíràn tó lè fi iná sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ láìpàdánù.

Ẹ yẹ ínfátà yín wò pẹ̀lú. Èyí tí kì í ṣe pure sine wave (tí iná rẹ̀ ń lọ geere) kì í bá power supply òde òní, àpótí tó ń pín iná nínú kọ̀ǹpútà, rẹ́, ẹ ó máa gbọ́ kó máa kùn. Wáyà tó ń gbé iná wọ 4090 náà ńkọ́? Ẹ tì í wọlé títí kò fi ní sí àlàfo kankan, kẹ́ ẹ má sì ṣẹ́ ẹ nítòsí ẹnu rẹ̀. Láti ìparí ọdún 2022 ni a ti ń rí àwòrán èyí tó yọ́, Nvidia pàápàá sì sọ pé àwọn tí wọn kò tì wọlé tán wà lára wọn.

Láti Houston

Mo kí gbogbo yín o. Mo ti lo 4090, mo sì ń lo RX 7900 XTX báyìí. Òótọ́ ni pé 4090 yára jù ú lọ, 1599 dọ́là ni wọ́n sì dá lé e nígbà tó jáde, nígbà tí ti AMD jẹ́ 999. Ṣùgbọ́n overclock là ń sọ. 4090 ti ń sáré kọjá 2700 fúnra rẹ̀ kí n tó fọwọ́ kàn án. Mo tì í dé 3000, ohun tó fi kún géèmù kéré púpọ̀. Ohun tí ẹ̀gbọ́n ará Ìbàdàn ṣe fún Vega ni mo ṣe fún 7900 XTX: fólítéèjì láti 1150 sí 1080, power limit lọ sókè ní ìdá 15. Ó ń sún mọ́ 2900 nínú géèmù, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì hàn. Iná tó ń jẹ kọjá 400 watt lóòótọ́, yàrá á sì gbóná.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ rẹ̀, ẹ wo hotspot, ibi tó gbóná jù nínú káàdì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ooru káàdì. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, AMD jẹ́wọ́ pé ìtutù inú díẹ̀ lára àwọn tí wọ́n fi orúkọ ara wọn tà kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Tí hotspot bá ti ń fò lọ sí 110, tí ooru yòókù sì wà ní 60 sí 70, ẹ má san owó yín.

Láti Ìbàdàn

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin èèyàn mi. Àbúrò mi ará Peckham, n kò mọ ọ̀rọ̀ GDDR6X yẹn tẹ́lẹ̀. Mo ń lọ tún máàkì tèmi wò lálẹ́ òní. RTX 5090 ló kù tí a kò tíì gbọ́ nípa rẹ̀, 575 watt nìyẹn. Ẹni tó bá ń lò ó lórí ínfátà, kó wá sọ fún wa iye tó fà á wálẹ̀ sí àti ohun tó pàdánù.