Ìmọ̀ràn lórí iṣẹ́ ìwádìí nípa ìbísí: ẹ̀gẹ́, adìyẹ tàbí ẹyẹ igbó?

Ọmọ Ọ̀gbìn:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọdún tó gbẹ̀yìn ní yunifásítì ni mo wà, ní ẹ̀ka iṣẹ́ ọ̀gbìn, wọ́n sì ní kí n mú àkòrí ìwádìí wá lórí ìbísí. Ọkàn mi pín sí mẹ́ta: ẹ̀gẹ́, adìyẹ ìbílẹ̀ àti ẹyẹ igbó. Oṣù mẹ́jọ péré ni mo ní, owó ọwọ́ mi kò sì tó nǹkan. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n mú, kí sì ni kí n yẹra fún?

Bàbá Ẹlẹ́gẹ̀ẹ́, Ìbàdàn:
Ọmọ mi, má dá a lábàá pé wàá mú irú ẹ̀gẹ́ tuntun jáde láàárín oṣù mẹ́jọ. Igi ni àgbẹ̀ fi ń gbin ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n òdòdó ni olùwádìí fi ń da irú méjì pọ̀. Kóró kọ̀ọ̀kan tó bá ti inú ìdàpọ̀ náà jáde, irú tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni. A ó gbìn ín, a ó yẹ̀ ẹ́ wò, a ó gé igi rẹ̀ gbìn sí oko púpọ̀, gbogbo rẹ̀ sì lè gba ọdún mẹ́jọ sí mẹ́wàá kí ìjọba tó fọwọ́ sí i. Bí irú ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń pè ní TMS 30572 ṣe jáde ní IITA, ilé ìwádìí ọ̀gbìn àgbáyé tó wà ní Ìbàdàn níbí, ní àwọn ọdún 1970 nìyẹn, tó sì dènà àrùn mòsáíìkì tó ń ká ewé ẹ̀gẹ́ kò. Orísun agbára tó fi dènà àrùn náà sì jìnnà: ní Amani, ní Tanganyika (Tanzania òde òní), ní àwọn ọdún 1930, ni wọ́n ti da ẹ̀gẹ́ pọ̀ mọ́ ìbátan rẹ̀ tí ń jẹ́ Manihot glaziovii, kí wọ́n tó kó lára àwọn ọmọ ìdàpọ̀ náà wá sí Moor Plantation, ibùdó ìwádìí ọ̀gbìn ní Ìbàdàn.

Bí ẹ̀gẹ́ ni ọkàn rẹ bá fẹ́, lọ sórí Cassavabase, ibi tí wọ́n ń kó àkọsílẹ̀ ìwádìí ẹ̀gẹ́ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni, èsì àyẹ̀wò oko ọdún púpọ̀ sì wà níbẹ̀. Mú irú mélòó kan, kí o wo èyí tí ìkórè rẹ̀ kì í yí padà púpọ̀ láti ilẹ̀ kan dé òmíràn. Má sì fojú tẹ́ńbẹ́lú irú tó wà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn: Tógò ni wọ́n ti rí TME 419, irú ẹ̀gẹ́ tí gbogbo wa ń wá kiri.

Olùṣọ́ Igbó:
Ẹyẹ igbó kò ṣeé pàṣẹ fún, ìgbà tó bá wù ú ni yóò yé. Mo bẹ̀ ọ́, má ṣe sún mọ́ ìtẹ́ Malimbus ibadanensis, ẹyẹ dúdú olórí pupa tí onímọ̀ ẹyẹ kan, Elgood, ṣe àpèjúwe rẹ̀ ní 1958. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, bí agbègbè Ìbàdàn àti Ifẹ̀, ló mọ sí, ó sì wà lára àwọn tó ń parun lọ. Àwọn tó gba ẹ̀kọ́ rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń kọ́ ní APLORI, ilé ìwádìí nípa ẹyẹ ní Jos, ni kí a fi í sílẹ̀ fún. Ìbátan rẹ̀, ẹ̀gà inú ọ̀pẹ, ló bá owó rẹ mu. Akọ ló ń hun ìtẹ́. Abo á wá yẹ̀ ẹ́ wò, bí kò bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, akọ lè tú u palẹ̀ kó tún òmíràn hun. Ka iye ìtẹ́ tí abo gbà àti èyí tó kọ̀ lórí ọ̀pẹ kan náà. Kò ná ọ ju awò ìríran jíjìn àti ìwé àkọsílẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n bí àsìkò ìtẹ́ bá bọ́ sí ìgbà ìdánwò rẹ, ó parí nìyẹn.

Ìyá Aládìyẹ, Abẹ́òkúta:
Nítorí àkókò yìí gan-an ni mo ṣe ní kó mú adìyẹ. Ọjọ́ 21 ni ẹyin fi ń pa. Adìyẹ abólọ́rùn, èyí tí kò ní ìyẹ́ lọ́rùn, wà káàkiri abúlé wa. Ìyẹ́ rẹ̀ kéré sí ti ẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí náà ooru ara rẹ̀ tètè ń jáde, ìdí sì nìyẹn tí àwọn olùwádìí fi ń wá a fún ilẹ̀ olóoru. Fi ìdàgbàsókè ọmọ rẹ̀ wé ti oníyẹ̀ẹ́ púpọ̀, kí o máa wọ̀n wọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Má retí irú tuntun o. Ọdún púpọ̀ ni wọ́n fi ṣe irú adìyẹ tí ń jẹ́ FUNAAB Alpha ní FUNAAB, yunifásítì ọ̀gbìn tó wà níbí, kó tó gba ìforúkọsílẹ̀ ní 2018. Má sì lo àkùkọ kan ṣoṣo, nítorí àléébù rẹ̀ ni ìwọ yóò máa kà sí ti irú náà.

Ọmọ Ọ̀gbìn:
Ẹ ṣeun, màmá. Adìyẹ ni mo mú. Bí ẹyin kan kò bá pa, báwo ni mo ṣe máa mọ ohun tó fà á?

Ìyá Aládìyẹ, Abẹ́òkúta:
Má jẹ́ kí ẹyin ju ọjọ́ méje lọ nílẹ̀ kí o tó kó o sínú ẹ̀rọ tó ń pa ẹyin, kí o sì kọ orúkọ ìyá àti bàbá sí ara rẹ̀. Ní ọjọ́ keje, fi tọ́ọ̀ṣì wò ó nínú òkùnkùn. Èyí tó bá mọ́ gaara, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àkùkọ kò sọ ọ́ di ọlọ́mọ. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nínú rẹ̀ tó sì dúró, wo bí ooru ẹ̀rọ ṣe rí, lẹ́yìn náà kí o wo àwọn òbí rẹ̀. Ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ nínú ìwé rẹ.