Bí àpótí CD mi ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹrù lásán ní Òmù-Àrán

Ọdún 2011 ni mo ṣí ṣọ́ọ̀bù géèmù kékeré kan sí Òmù-Àrán, pẹ̀lú PS2 (PlayStation 2, ẹ̀rọ géèmù tí a ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n) méjì, jẹnẹrétọ̀ kan, àti àpótí tí CD 44 wà nínú rẹ̀, tí gbogbo wọn jẹ́ ojúlówó, kì í ṣe àdàkọ tí ó kún ìgboro. Nígbà tí ó di ọdún kejì, mo wọkọ̀ lọ sí Ìlọrin láti ra PS3 àlòkù. Mo bi oníṣòwò náà bóyá yóò ka àwọn CD mi àtijọ́. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kàn gbé e lọ, kò sí èyí tí kì í kà.”

Àwọn ọmọ ti tò sórí bẹ́ǹṣì dè mí, ẹnì kan tilẹ̀ ti mú páàdì lọ́wọ́. Mo ti CD bọ ẹnu ẹ̀rọ náà, ó fà á wọlé wẹ́rẹ́, ó kùn díẹ̀, ọ̀rọ̀ sì hàn lójú tẹlifíṣọ̀n pé irú PS3 yìí kì í lo CD PS2. “Bùrọ̀dá, ẹ bá wa tan ti àtijọ́ jàre.” Ojú tì mí.

Mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé irọ́ oníṣòwò náà kò pé tán. Àwọn PS3 tí ó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 2006 ní ọpọlọ PS2 gan-an nínú, òun ni wọ́n sì fi ń ka CD rẹ̀. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú àwọn tí ó tẹ̀ lé e kí owó ẹ̀rọ náà lè wálẹ̀. Èyí tí ó yà mí lẹ́nu ni pé gbogbo PS3 ló ń ka CD PS1, tí ó tún gbó ju ti PS2 lọ. PS4 kò ka CD PS3 rárá, nítorí pé Cell, ọpọlọ tí wọ́n kọ géèmù PS3 fún, kò bá tirẹ̀ tan. PS5, tí ó jáde ní ọdún 2020, ń ka èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú CD PS4, torí pé ìdílé kan náà ni ọpọlọ àwọn méjèèjì.

Nítorí náà, nígbà tí mo lọ ra PS5, CD PS4 kan wà nínú àpò mi, mo sì ní kí wọ́n fi sí i kí n tó ka owó. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde kò tilẹ̀ ní ẹnu tí a ń ki CD bọ̀! Bẹ́ẹ̀ náà ni PS5 Pro ti ọdún 2024 ṣe jáde, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ó bá fẹ́ ẹnu CD yóò ti rà á. Láìsí ẹnu CD, orí ayélujára ni a ti ń fi dátà fa géèmù wálẹ̀. Ní tèmi, tí dátà ń jẹ lówó, mi ò ní ra èyíkéyìí tí kò bá ní in.

Àwọn PS2 méjèèjì ṣì wà lórí tábìlì. PS3 ni mo tà, mo sì sọ ohun tí kì í kà fún ẹni tí ó rà á.